Mo Fi Ìró Màmá So Gàrí Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná. Ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tí ìyàwó ilé wa kan wá bẹ̀ mí fún lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí ní Ìlaròó. Nígbà náà, mo ń kàwé gba oyè máàsítà nínú ìmọ̀ òwò, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni a ń lọ sí kíláàsì. Nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa, òwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Mo fi da ilé rú. Bí ọkọ mi bá ní kí n bu omi wá fún òun, màá ní kó kọ́kọ́ fi ọ́dà ránṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ rajà.

Olùkọ́ wa ò ṣe ìdánwò fún wa. Ó ní kí oníkálùkù ṣí ìsọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oníṣòwò gidi kan, kó sì bójú tó o fún oṣù méjì. Ọjà tó bá pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, máàkì yóò já wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo mú. Màmá Òkè-Ọ̀dàn ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Gàrí ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí mi ò tíì gbọ́njú. Wọn kì í yan ẹ̀gẹ́ tí kò bá lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpò lábẹ́ òkúta, kó lè kan dáadáa. Bí àpò gàrí bá kún, wọn a ya lára ògbólógbòó ìró wọn, wọn a fi so ẹnu rẹ̀. Àwọn oníbàárà wọn kì í yẹ gàrí náà wò mọ́. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ yẹn, ó parí. Rísí, ìyàwó ọmọ wọn, ni wọ́n jọ ń yan án. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì ní Ibese, kì í sábà sí nílé, ìdí agbada ni Rísí ń wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo ya Màmá ní fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ ìtàn ìró náà fún gbogbo ayé. Màmá fa odindi ìró kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Máa fi so ó, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé wa ló ti wá."

Ọ́dà rọ́ wọlé. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n gàrí tó wà nílẹ̀ tán, ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ Màmá sì ń lò kó tó kan, ọjọ́ mẹ́ta ni ti olùkọ́ wa. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì péré. Wọ́n ní, "Ìwé tí ò ń kà yẹn ò mọ ẹ̀gẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣe é nìyí. Mo lọ ra gàrí lọ́jà, èyí tí wọ́n kánjú yan, tí kò kan rárá. Mo dà á sínú àpò kéékèèké, mo lẹ fọ́tò Màmá mọ́ ọn, mo fi ìró wọn so ó. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo gba A. Olùkọ́ wa ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì dìde, mo tẹríba.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fi èsì yẹn han Màmá, oníbàárà wọn àtijọ́ kan dé láti Èkó. Òun náà ti rà lórí fóònù. Ó gbé àpò náà kalẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ní, "Màmá, gàrí yín ti yí padà." Màmá bù ú sẹ́nu. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ sọ pé kì í ṣe tiwọn. Ni ojú wọn bá bọ́ sára aṣọ tó wà lẹ́nu àpò. Ìró tí wọ́n ró lọ́jọ́ tí mo gba oyè àkọ́kọ́ ni.

Wọ́n yíjú sí Rísí. Wọ́n ní ó ti ń yọ ẹ̀gẹ́ kó tó kan, nítorí ọ̀lẹ. Rísí kúnlẹ̀, ó búra. Ó wá wojú mi, nítorí èmi ni mo máa ń gbèjà rẹ̀ nínú ilé náà. Èmi ń tẹ fóònù mi. Mi ò ka nǹkan kan níbẹ̀, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Màmá ò jẹ́ kí Rísí dé ìdí agbada mọ́. Màmá nìkan dá yan án fúngbà díẹ̀, orúnkún wọn ò gbà, wọ́n sì ṣíwọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn. Àwọn obìnrin tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti yan gàrí ò pe Rísí mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Rísí wá bá mi ní Ìlaròó pẹ̀lú gàrí nínú ọ̀rá. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ló ti lọ yan án. Mo tọ́ ọ wò. Ọwọ́ Màmá gẹ́lẹ́ ni. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ọjà orí fóònù tẹ́ ẹ kọ́ nílé ìwé yẹn. Lórí fóònù, wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni mo yan án."

Mo ní màá kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé Màmá ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún ni, àbí Rísí? Màmá ṣì ń dárúkọ mi nínú àdúrà pé èmi ni mo sọ wọ́n di ẹni tí ayé mọ̀. Ọ̀la ni Rísí ń bọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ó pè mí láàárọ̀ yìí, ó ń bi mí irú aṣọ tí òun máa fi so ẹnu àpò. Èyí tó kù nínú ìró Màmá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.