Fọ́tò Tí Ọdẹkúnlé Pa Rẹ́

Ọdẹkúnlé ayàfọ́tò kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́. Ojú tó fi ń jẹun ní Ayétòrò ti ń ṣú lọ. Dókítà ní kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣúnkẹ́mi. "Àbúrò mi, jókòó. Òótọ́ kan wà tí mo fi pamọ́ fún ọ láti ọdún mẹ́ta. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, mo gbé."

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀ṣúnkẹ́mi fẹ́ rìnrìn àjò káàkiri, ó sì ń wá kámẹ́rà kékeré tí yóò máa mú dání. Oníṣòwò kan ní Ìdí-Ìrókò, oníbàárà ìyá rẹ̀, ní kó gbé ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ òun lọ dán wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni yóò bá a dán an wò bí kò ṣe Ọdẹkúnlé tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n?

Ọdẹkúnlé gbé e lọ sí Òkè-Ọ̀dàn. Háà, kámẹ́rà! Ó wọ àpò ṣòkòtò, bátìrì rẹ̀ kò kú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò dún rárá, ohun tó jìnnà sì ń rọra súnmọ́ tòsí bí ẹni ń lálàá. Lẹ́bàá títì, nínú kùrukùru ọyẹ́, ó rí ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi níbi tó ti ń sá láfún. Bí ìyá yìí bá ti rí kámẹ́rà, ìborùn ló máa fi ń bojú. Lọ́jọ́ yìí, kò tiẹ̀ fura. Láfún funfun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń fi ewúrẹ́ kan tó ti fẹnu kó láfún rẹ́rìn-ín. Ọdẹkúnlé wo fọ́tò náà títí, ọkàn rẹ̀ sì fà sí kámẹ́rà oníkámẹ́rà.

"Bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bá rí èyí, kò ní fi kámẹ́rà yìí sílẹ̀ láé," ló wí nínú ara rẹ̀. Ló bá pa fọ́tò náà rẹ́. Ojúkòkòrò burúkú! Ó wá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Kò dára fún ìrìn àjò o. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, fọ́tò rẹ̀ sì ń ṣú." Ọ̀ṣúnkẹ́mi dá a padà. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, Ọdẹkúnlé lọ rà á fún ara rẹ̀.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà òjò, ìyá kú. Ọ̀ṣúnkẹ́mi sunkún wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ya màmá mi lọ́jọ́ tí ẹ gbé kámẹ́rà yẹn lọ sí Òkè-Ọ̀dàn?"

"Mi ò tiẹ̀ rí wọn," ni Ọdẹkúnlé dáhùn.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ fọ́tò orí káàdì ìdìbò ìyá di ńlá, ojú ìyá wá rí bí eérú. Wọ́n gbé e síwájú pósí. Àwọn tó jọ ń sá láfún pẹ̀lú ìyá dé, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Bí Ọdẹkúnlé ti rò ó tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó jù lọ lọ́jọ́ orí. "Mo ti wá fọ́tò náà títí, kò ṣeé gbà padà mọ́. Forí jì mí."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi sunkún títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ dìde. Mi ò tíì forí jì yín o. Gèlè wo ni màmá mi wé nínú fọ́tò yẹn?"

Ọdẹkúnlé dijú. "Àdìrẹ aláró. Ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Eyín wọn ńkọ́? Ṣé ẹ rí àlàfo iwájú yẹn?"

"Mo rí i. Mo ṣì ń rí i."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."