Omi Yìnyín Tó Ṣáájú Fèrè

Ẹ̀yin èèyàn Alder Lake, ẹ kú ìrọ́jú. Marlys, ìyàwó Orrin, o kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù wa tí ẹ tò síwájú níbí bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà, ẹ̀yin náà, ẹ kú ìrọ́jú. A kú ara fẹ́ra kù.

Èmi Duane Hoekstra, tí èmi àti Orrin Tveit jọ ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ní bọ́ọ̀lù látìgbà tí irun ṣì wà lórí wa, èmi lẹ ní kí n wá dágbére fún un. Kí ni kí n wí? Ní Sátidé, ọkùnrin yìí ń pariwo mọ́ rẹfirí débi pé itọ́ rẹ̀ ń di yìnyín lórí irùngbọ̀n. Lónìí Ọjọ́bọ̀, inú pósí ló wà, nínú gbọ̀ngàn tó ti máa ń lé wa sáré nígbà òtútù, ife ẹ̀yẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó tutù. Síbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì gbà á gbọ́.

Ikú ń dóró, kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ òkú: olóríkunkun ni Orrin. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa yìí tí à ń gbá mọ́yà sáré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún ọ láti fi gbé e dé ibi tó yẹ. Tó bá ku ẹ̀ẹ̀kan, ọlọ́gbọ́n á fẹsẹ̀ ta á lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ọ̀tá má bàa gbà á nítòsí. Orrin ò ní ta á.

Á ní, "Duane, ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀kan."

Mo ní, "Orrin, orí ẹ dà? Wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ wa!"

Ó ní, "Tí wọ́n bá gbà á, ṣé a ò lẹ́sẹ̀ tá a máa fi lé wọn ni?"

Orí kunkun yẹn ni wọ́n fi nà wá bí ẹni na bàrà nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ fi ń bi mí ní ilé kọfí pé ṣé ó ti ń ṣarán ni. Ẹ má wo ilẹ̀. Mo rántí gbogbo ẹni tó bi mí.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í borí. A borí, a tún borí. Àwa kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún ọmọ kó tó wá gbá bọ́ọ̀lù! Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ tíṣà, ọmọ mẹkáníìkì. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ẹ gbọ́ oore rẹ̀ náà. Nínú oṣù Kẹsàn-án, bàbá Kolby Brandvold, balógun ẹgbẹ́ wa, já bọ́ látorí òrùlé ilé màlúù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Kolby wá bá wa. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ má bínú, mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Àwọn màlúù ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàbá mi kán. Àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún wàrà wọn."

Orrin, ọmọ ìgboro tí kò mọ orí màlúù yàtọ̀ sí ìdí, ló dáhùn pé, "Ìrọ̀lẹ́ ni tìẹ. Èmi ni mo ni àárọ̀."

Màlúù ta á nípàá, ó ṣubú sínú ìgbẹ́, ó sì wá kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ní, "Kóòṣì, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀tá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sá!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kò sì dáwọ́ dúró títí bàbá Kolby fi rìn padà wọ ilé màlúù rẹ̀.

Ó wá di ìdíje àṣekágbá ní Sátidé. Ẹ mọ àṣà wa: tí ọwọ́ bá ti ba ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ á gbé garawa omi yìnyín, wọ́n á dà á lé kóòṣì lórí. Orrin ò gbà á rí. Ó ní, "Ẹ má fi omi kan mí títí di ọjọ́ tá a bá gba ife." Àmì mẹ́ta la fi ń ṣíwájú. Kolby rò pé aago ti tán, ó gbé garawa, ó dà á wììì! Rẹfirí ní rárá, ó ku ìṣẹ́jú àáyá kan. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Omi ń kán nímú Orrin. Ó ní, "Kolby Brandvold! Ṣé o gbọ́ fèrè ni? Padà sórí pápá, òpònú!"

Àwọn ọ̀tá pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù, tó bá wọlé, àmì mẹ́ta ni, kí wọ́n lè bá wa dọ́gba. Ta ló fò, tó fọwọ́ gbá a wálẹ̀? Kolby náà ni. Fèrè sì dún.

Mo fi kóòtù mi bo Orrin, ó tì í dànù. Ó ní, "Duane, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń retí omi yìí. Jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣubú nínú ilé ìdáná, ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígboro, pé omi yìnyín yẹn ló pa á. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kolby náà gbọ́ ọ. Kò jẹun láti ọjọ́ náà. Ó sọ fún Marlys pé òun ò ní gbé pósí, pé ọwọ́ tó pa á ò gbọdọ̀ gbé e.

Ọmọ ogún ọdún! Ó dùn mí wọ egungun.

Marlys ló ní kí n sọ èyí níwájú gbogbo yín. Iṣan ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀ ló bẹ́. Dókítà ní ó ti ń wú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, omi ò sì lọ́wọ́ sí i. Àtìgbà ooru, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún, tí Marlys ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ó ní tí sáà bá parí. A ń borí, sáà ò sì parí. Ká ní wọ́n ti nà wá jáde nínú oṣù Kọkànlá, bóyá ì bá ti lọ. Èmi náà ò gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu sì yà mí títí di ìsinsìnyí. Orrin, inú ń bí mi sí ẹ! Orí kunkun tó gbé ife wálé fún wa, òun náà ló gbé ẹ lọ.

Kolby, gbọ́ mi. Ayọ̀ tó kẹ́yìn nínú ayé ọkùnrin yìí, ìwọ lo dà á lé e lórí. Marlys ò tíì fọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò ní fọ̀ ọ́. Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a fẹ́ gbé e sọdá sí ṣọ́ọ̀ṣì, apá ibi orí pósí sì ṣófo, ìwọ là ń dúró dè.

Ẹ wò ó. Ó ti dìde.

Orrin Tveit, ọ̀rẹ́ mi, ó dàárọ̀ o. Kò ku ẹ̀ẹ̀kan mọ́, o ti gbé e dé ibi tó yẹ. Rìn ire, má wẹ̀yìn, Marlys wà lọ́wọ́ wa.

Kolby, ó yá, gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, fèrè ti dún.