"A Dúpẹ́" Tí Ìyá Mùktárù Wí

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí Lèmọ́mù náà súnmọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi tó ń wú yìí ti wú dé itan, mo sì mọ ibi tí mò ń lọ. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ máa ń fi mí yangàn láàárín àdúgbò pé Baba Kọ́púrà kò gba rìbá rí. Òótọ́ ni, n kò gbà á. Ohun tí mo ṣe burú ju rìbá lọ, ọ̀fẹ́ ni mo sì ṣe é.

Lọ́dún tí ìjọba da ọlọ́pàá Àríwá àti àwa ti Gúúsù pọ̀ sábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, àgọ́ kan ní Yábàá ni mo wà. Ọ̀gá òyìnbó tuntun dé bá wa níbẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ọlọ́pàá bá fìyà jẹ láìtọ́, kó wá sọ ọ́ níwájú òun, òun á wádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà kò gbọ́ Yorùbá, àfi ìkíni díẹ̀ tó fi ń ṣe fáàrí, àwọn tó ń wá fẹjọ́ sùn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi Ṣàíbù ni ògbufọ̀. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń fi sùn, ọlọ́pàá ni wọ́n ń fi í sùn fún, ọlọ́pàá náà ló tún ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ láàárín wọn. Mo rí i pé kò dára bẹ́ẹ̀, mo sì ń ṣe é lọ.

Wọ́n mú káfíńtà kan wá láti Múṣin, Mùktárù lorúkọ rẹ̀, nítorí pákó tó sọnù níbi tí ìjọba ti ń kọ́lé. Kóńdó ni Sájẹ́ǹtì Sylvester fi ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n di èjìká rẹ̀ mú. Mo dì í mú. Mùktárù gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà ń kírun." N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ògiri ni mò ń wò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Sylvester sọ fún ọ̀gá pé ibà ló pa á, wọ́n gbé òkú fún àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì sin ín lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ẹ̀yìn náà la gbọ́ pé pákó kankan kò sọnù. Wọ́n kàn kó o lọ síbòmíràn láìsọ fún ọlọ́dẹ ni.

Sìmíátù, ìyá rẹ̀, fẹsẹ̀ rìn láti Múṣin wá rí òyìnbó. Kó tó wọlé, Sylvester fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣàíbù, ẹnu rẹ ni iṣẹ́ gbogbo wa wà. Ìwọ náà lo di èjìká ẹ̀ mú o." Kò halẹ̀ mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ní kí n bi í bóyá ó ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bi í. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá. Ṣé ara le?" Kí lẹ rò pé ọmọ Yorùbá tó gba ẹ̀kọ́ ilé máa fi dáhùn ìyẹn, kódà bó jẹ́ àná ló sin ọmọ? Ó kúnlẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Mo mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó gbọ́ "a dúpẹ́" fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́ "ẹ ṣeun". Mo wí fún un pé obìnrin náà kò ní ẹjọ́, ó wá dúpẹ́ pé a tètè gbé òkú ọmọ òun fún òun ni. Ìgbà yẹn ni Sìmíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó bá wá. Ó ní, "Àwọn tó wẹ òkú ọmọ mi ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá ẹni tó lù ú." Mo sọ fún ọ̀gá pé ó ń ṣàdúrà fún un. Ọ̀gá dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí èmi àti Sìmíátù jáde, ó dì mọ́ mi lọ́wọ́. "Ṣé ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́, ìyá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn á wádìí."

Ó tún kúnlẹ̀ fún mi láàárín ọ̀nà, ó ń súre fún ẹ̀yin ọmọ mi tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó máa ń wá jókòó síwájú àgọ́ wa, ó ń retí ìwádìí. Bó bá ti rí mi, á ní, "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́." Mo ń dá a lóhùn. Mò ń lọ sílé, mò ń jẹun, mò ń sùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Títí di òní, omi kò jáde lójú mi.

Wọ́n ní ó ṣì wà láyé ní Múṣin, pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹ lọ bá a. Ẹ sọ fún un pé òyìnbó kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí, pé ẹni tí òun kúnlẹ̀ súre fún ló di ọmọ òun mú tí wọ́n fi lù ú. Ẹ sọ ọ́ tán kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́ fún mi. Bó bá kọ̀, ẹ má rọ̀ ọ́. Èyí tó bá sì fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá nínú yín, kó rántí bí mo ṣe rí lórí ẹní yìí.

Àwọn aládùúgbò á tún wá kí mi lọ́la, wọ́n á ní ṣé ara le. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Èmi ò lè sọ ọ́ mọ́.