Ta Ló Ń Mu Omi Gbígbóná Náà?

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò! Nọ́ọ̀sì ọ̀la! Báwo ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Àǹtí mi. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Iṣẹ́ ò ní pa wá. Ṣé àlàáfíà lo wà? O ti jẹun?

ÀBÚRÒ: Mo ti jẹun. Màmá ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Ìdánwò ńkọ́? Ṣé ó ku ọ̀kan ni àbí —

ÀBÚRÒ: Mo ti parí. Lówùúrọ̀ yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ọlọ́run ṣeun! [Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.] Ọmọ ìyá mi, orí ẹ pé! O wá ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

ÀBÚRÒ: Ó rẹ̀ mí ni. Tẹ́ẹ̀sì lónìí, láàbù lọ́la, ìdánwò lọ́túnla. Mi ò mọ ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru mọ́. Ẹ gbé fóònù fún Ìyá Àgbà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá Àgbà... wọ́n ń sùn.

ÀBÚRÒ: Ní ìrọ̀lẹ́ yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Àgbàlagbà ni wọ́n, oorun wọn kì í wo aago. Ṣé o gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí —

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Ọ̀fun tó ń dùn wọ́n tí wọn ò lè bá mi sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ń lọ sílẹ̀.

ÀBÚRÒ: Omi gbígbóná tí mo ní kí wọ́n máa mu?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ń mu ún. Àràárọ̀! Wọ́n tiẹ̀ ní dókítà ilé àwọn ni ẹ́.

ÀBÚRÒ: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Àná òde yìí.

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì pè mí.



Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà wo?

ÀBÚRÒ: Bí mo ṣe jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ní kí n gba kámú. Ó ní òun ò rí mi níbi ìsìnkú Ìyá Àgbà, òun rò pé ara mi ni ò yá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnu ọkùnrin yẹn mú ju abẹ ẹ̀ lọ! Mo kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò —

ÀBÚRÒ: Gbogbo àdúgbò! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, èmi nìkan ni ò mọ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: My dear, fetí sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ta ló ń mu omi gbígbóná náà?

Ẹ̀GBỌ́N: Jọ̀ọ́ —

ÀBÚRÒ: Òkú ni mo ń júwe oògùn fún! Ẹ sì ń bá mi dúpẹ́ lórúkọ wọn!

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá ló ní ká jẹ́ kí o parí ná. Ìdánwò àṣekágbá ni. Ká ní o sáré wálé, odidi ọdún kan ló máa ṣòfò. Ìyá Àgbà fúnra wọn ò ní fẹ́ —

ÀBÚRÒ: Ẹ má fi wọ́n kún un! Ẹ mọ ìbéèrè kejì tí wọ́n bi wá? Pé ká ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sára nígbà tí ọkàn bá dẹ́kun lílù. Ojú ewé méjì ni mo kọ. Ọwọ́ mi ń sáré, inú mi ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n. Ojú ewé méjì lórí ikú, Àǹtí mi, mi ò mọ̀ pé ó ti wá jókòó sí pálọ̀ wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Pẹ̀lẹ́.

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ wo lẹ sin wọ́n?

Ẹ̀GBỌ́N: Ohùn ẹ ń já —

ÀBÚRÒ: Ohùn mi ò já. Ọjọ́ wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Sátidé... Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún.

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ tí mo lọ sí kọ́nsáàtì.

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni.

ÀBÚRÒ: Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló fà mí lọ, wọ́n ní ìwé á pa mí. Mo ń fò sókè. Orin ń lù mí láyà kìì-kìì, mo gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, mò ń pariwo bí ẹni tí ò ní kú láéláé. Ẹ sì ń da yẹ̀pẹ̀ bo Ìyá Àgbà.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò mọ̀. Ẹ̀bi ẹ kọ́ —

ÀBÚRÒ: Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Please, fi ìyẹn sílẹ̀.

ÀBÚRÒ: "Enjoy yourself, bá mi jó níbẹ̀." Ṣé ẹ̀bá sàréè lẹ ti kọ ọ́ ni, àbí ẹ ti délé?

Ẹ̀GBỌ́N: Inú mọ́tò la wà. Mò ń sunkún bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

ÀBÚRÒ: Ìwọ! Ìwọ yìí!

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi lò ń pè ní ìwọ?

ÀBÚRÒ: Ìwọ ni! Ta ni wọ́n fi ikú Bàbá pa mọ́ fún nígbà ìdánwò? Ta ló jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, tó ní ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀ mọ́ nílé yìí? Mo kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ló wá mú ejò wọlé fún mi!

Ẹ̀GBỌ́N: [Ó ń sunkún.] Òótọ́ ni. Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí láti sọ ọ́, ẹnu mi wúwo. Tí mo bá ti pè ọ́, wàá ní, "Àǹtí, ó ku díẹ̀, ẹ gbàdúrà fún mi." Báwo ni mo ṣe fẹ́ —

ÀBÚRÒ: Mi ò wálé mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Má sọ bẹ́ẹ̀! Màmá ti tún yàrá ẹ — ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

[Fóònù ń kùn. Àbúrò ń fa ikun imú.]

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ ohun kan fún mi. Ẹ má purọ́. Ṣé wọ́n béèrè mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n béèrè ẹ. Wọ́n ní kí n pè ọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò pè mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní... mo ní o ti wà lójú ọ̀nà. Mo rò pé ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sùn.

ÀBÚRÒ: Wọ́n sùn?

Ẹ̀GBỌ́N: Rárá. Wọ́n ní kí n gbé àwọn jókòó. Wọ́n ní kí n ya irun àwọn, pé o ò gbọdọ̀ wá bá àwọn ní wúruwùru. Wọ́n wá kọjú sí ilẹ̀kùn —

ÀBÚRÒ: Títí dìgbà wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ — wọn ò jẹ́ ká gbé wọn dùbúlẹ̀ — títí —

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín! Àǹtí mi, títí dìgbà wo?

[Ìpè já.]