Òdo Tí Mo Kọ Sára Pátákó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, èmi tí mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ohun tó lé ní ogún ọdún ò rí i dáhùn. Mo ti jókòó tì í, mo ti dìde kúrò nídìí rẹ̀, mo tiẹ̀ ti fi Bíbélì bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú mi má baà rí i. Ẹkún ni mo ń sun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn kì í fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, àmọ́ Ìlọrin ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Lọ́sàn-án, bí iléèwé bá ti jáde, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ní lẹ́sìnnì, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Ọjà Tuntun. Ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Mi kì í lo àwọn ìbéèrè inú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ayò dáìsì tí àwọn ọmọ ò fọwọ́ kàn rí. Iṣu ọjà Ìpàtà ni mo fi ń kọ́ wọn: bí mẹ́ta bá ti jẹrà nínú mẹ́wàá, tí o sì mú méjì láìwò, kí ni ìṣeéṣe pé méjèèjì á dára? Màmá Ìdánrawò ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Agbéraga ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ọmọ bá ṣi ìṣirò ṣe, ara mi máa ń yá gágá láti tú u fó níwájú gbogbo kíláàsì.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí olúkúlùkù lọ wo káàdì jẹ́nótáìpù bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ilé wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pélébé wá, kí a lè ka iye AA, AS àti SS, kí a sì fi ya àtẹ. Ta ni ò mọ káàdì yìí? Òun ni Alfa àti pásítọ̀ máa ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, nítorí ọmọ SS, tí eegun máa ń ro débi tí kò fi ní lè dìde. Mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n!

Nígbà tí mo ń ka àwọn ìwé náà, mo rí ọ̀kan: bàbá AA, ìyá AS, ọmọ mẹ́ta, AA, AS, SS. Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, mo ní, "Ta ló fẹ́ tàn mí jẹ níbí?" Mo wá ṣàlàyé fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Kí ọmọ tó lè jẹ́ SS, yóò gba S kan lọ́dọ̀ ìyá, yóò sì gba ìkejì lọ́dọ̀ bàbá. Bàbá tó jẹ́ AA ò ní S kankan tó lè fún ọmọ. Mo kọ òdo ńlá, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Òdo! Bí ọmọ yìí bá jẹ́ SS lóòótọ́, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó lọ wá bàbá rẹ̀ wá." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Rùkáyátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó sì máa ń pa lẹ́sìnnì jẹ bí ọyẹ́ bá ti dé. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀, tòun ti òdo náà, ó sì gba ilé lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àgbàdo àti ọkà bàbà ni bàbá rẹ̀ ń tà ní Ìpàtà. Alájì náà ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló máa ń ní kí ọmọ yìí ṣí ìwé, kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún òun. Bàbá mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ kejì ló gun àtẹ̀gùn wá bá mi kí àwọn ọmọ tó dé. Ó ní, "Ẹ káàsán, Tíṣà. Ẹ má bínú o. Ohun tí ọmọ mi kọ síbí, ṣé bó ṣe rí nìyẹn, àbí ó ṣì í kọ ni?" Ó fi ìka sórí òdo náà. Mo lè purọ́ fún yín pé mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni. Mo mọ̀! Bó ṣe jókòó báyìí ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n wá gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi mì níwájú ẹni tó ń ta àgbàdo? Mo ní, "Ìṣirò kì í parọ́, Alájì." Ó ní, "A dúpẹ́," ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójú wọn pé òun kọ̀ ọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà fi Kùránì búra, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ní Tíṣà ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àìsàn SS Rùkáyátù dé, àwọn dókítà sì ní yóò gba ẹ̀jẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ na apá? Alájì ni. Ó ní, "Èmi ni mo tọ́ ọ. Ẹ fa tèmi." Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní AS ni. Ó ní irọ́ ni, wọ́n tún un yẹ̀ wò, AS náà ni. Káàdì tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ so yìgì wọn, irọ́ ló wà nínú rẹ̀! Ọmọ rẹ̀ lọ́mọ rẹ̀. Ó sáré lọ bá Alfa, Alfa mi orí, ó ní lẹ́ẹ̀mẹta ni ó sọ ọ́, kò lè gbà á padà mọ́, àfi bí obìnrin náà bá kọ́kọ́ fẹ́ ọkọ mìíràn, tí àwọn méjèèjì sì túká.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa mí. Nígbà tí èmi náà fẹ́ ṣègbéyàwó, ibi àyẹ̀wò kan ní AS ni mí, AS sì ni àfẹ́sọ́nà mi. A sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ilé ìwòsàn ńlá tó sọ pé AA ni mí. Mo mọ̀ pé káàdì lè parọ́! Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè ìdánrawò, wọn á kàn sọ fún wa pé bàbá jẹ́ AA, kò sì sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, títí ó fi mọ́ mi lára. Gbólóhùn kan péré ì bá gba ilé yẹn là: Alájì, ẹ lọ tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọmọ náà. Ó fún mi lómi mu, ó ní, "Kádàrá ni, Tíṣà, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tiẹ̀ ní kí n padà, mi ò lọ mọ́. Ó mọ̀ mí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé yín ló gbà gbọ́."

Ní Àlàmísì ni Rùkáyátù fi ìwé yìí rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí mi. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń kọ ìdánrawò fún wọn: "Bàbá AS, ìyá AS, ọmọ mẹ́ta. Kí ni ìṣeéṣe pé ìyá wọn yóò padà sílé? Ẹ fi bí ẹ ṣe ṣe é hàn." Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu yín rí, kí ni kí n kọ fún ọmọ yìí? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé bírò. Òdo ni ọwọ́ mi ń fẹ́ kọ, ẹ̀rù sì ń bà mí láti kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì.