Màmá Kan Ilẹ̀kùn, A Ò Ṣí I

Àǹtí Marufat, ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá yín nínú ọjà Akẹ̀sán, torí bí mo bá fi jókòó pẹ́nrẹ́n, ojú á tì mí, n ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Mùílì àbúrò yín ló fi mí ṣe irú èyí! Èmi Ràmọ́tà, ìyàwó tí màmá yín ń pè ní ọmọ, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo panu mọ́!

Ṣé ẹ mọ bí iṣẹ́ kápẹ́ńtà tí Mùílì ń ṣe ṣe rí láyé SAP tí ìjọba gbé dé yìí? Pákó wọ́n, ìṣó wọ́n, àwọn tó máa ń ní kó ṣe àga fún àwọn tẹ́lẹ̀ á wá béèrè iye, wọ́n á káwọ́ lérí, wọ́n á lọ. Rédíò ní gbogbo ayé ló dojú rú, pé owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lókè òkun. Ó dáa, a gbọ́. Ṣé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn ní Iresa lọ́dọ̀ Màmá níbí náà, òkè òkun ló ti ń bọ̀ ni, tí gàrí fi ń gbówó lórí lójoojúmọ́? Iṣẹ́ ò sí, ọjà ń gun òkè! Èwo lèèyàn fẹ́ mú níbẹ̀?

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ yẹn, ògì tó kù nílé, Hajarat ọmọ ọwọ́ wa ló mu ún tán. Bí Mùílì ṣe yọjú lójú fèrèsé báyìí, ó rí màmá yín tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Iresa. Àǹtí, ó sáré ti ilẹ̀kùn! Ó ní, "Ràmọ́tà, má dáhùn. Kí la fẹ́ gbé fún wọn jẹ? Mo ti sọ fún wọn pé nǹkan ń lọ dáadáa." Mo ní, "Ìyá tó bí ẹ?" Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí. "Mùílì o! Ràmọ́tà o!" Mo ti ọmú bọ Hajarat lẹ́nu kó má baà ké. Wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, nínú oòrùn, wọ́n ń wúkọ́. Obìnrin ilé kejì ní, "Wọ́n wà nílé o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn wọn ni." Ẹ mọ ohun tí Màmá sọ? Wọ̀láì, etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi ò lè wà nílé kó má dá mi lóhùn."

Yéè! Àǹtí, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ bú mi, ẹ ṣáà má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán la ṣílẹ̀kùn. Iṣu, irú, ata gbígbẹ, àti adìẹ kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Àwa ni wọ́n gbé oúnjẹ wá fún! Mùílì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo se iṣu náà, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ṣé ó tán? Kò tán o! Lánàá ni awakọ̀ Iresa dúró níwájú ilé wa, ó ní Màmá rán òun, wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé mo rí ẹsẹ̀ Mùílì lábẹ́ ilẹ̀kùn. Inú ò bí mi. Sọ fún wọn pé mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Kí lẹ wí? Kí èmi nìkan lọ bẹ̀ wọ́n? Ojú wo ni n ó fi wọlé? Mùílì kọ̀, ó ní òun ò lè dé Iresa lọ́wọ́ òfo, àfi tí nǹkan bá rọ̀. Ìgbà wo ni nǹkan máa rọ̀? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò gan-an ò mọ̀! Ṣé Màmá tó ti dàgbà lè dúró dìgbà tí náírà bá gbéra ni? Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, Àǹtí. Ẹ bá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbá àbúrò yín lọ́rùn ẹ̀wù mú, ká jọ wọ mọ́tò lọ sí Iresa lónìí, lọ́wọ́ òfo bẹ́ẹ̀, kí òun dọ̀bálẹ̀, kí èmi kúnlẹ̀.