Ohun Tí Mo Fi Sínú Àpò Nejat

Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ba ayé Nejat jẹ́, títí di àná kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni. Dókítà ní Bursa ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, kí n lọ máa jẹ ohun tó bá wù mí. Ẹni tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bùṣe. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Ẹ̀yin ará Iznik, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Gbogbo yín mọ̀ pé mo wa bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò. A ó kó wọn láàárọ̀ ní Istanbul, ọkọ̀ ojú omi á gbé wa kọjá, a ó dé Iznik kí oòrùn tó mú. Wọn á wo odi ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó di mọ́sálásí, lẹ́yìn náà a ó forí lé Bursa, níbi tí wọ́n sin àwọn ọba Ottoman àkọ́kọ́ sí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la ó sì padà. Nejat ni amọ̀nà wa. Ó kàwé, ó gbọ́ èdè mẹ́ta, káàdì àṣẹ amọ̀nà tí ìjọba fún un ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀. Èmi, kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n inú odi yìí ni wọ́n bí mi sí, ìyá ìyá mi sì ti sọ ìtàn gbogbo ẹnubodè ibẹ̀ fún mi. Èmi ni mo sọ wọ́n fún Nejat nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí a bá jọ ń mu tíì. Ó wá ń sọ wọ́n fún àlejò bí ẹni pé inú ìwé ló ti rí wọn. N kò tíì bínú nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan nínú àwọn àlejò, tó gbọ́ èdè wa díẹ̀, bi mí pé ta ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ẹnubodè Lefke. Mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nejat yọ sí wa lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ fi dẹ́rẹ́bà wa sílẹ̀ o. Tó bá di tíṣà, ta ni yóò wa bọ́ọ̀sì gbé wa délé? Gbogbo ìwé tó kà kò ju 'Dúró' tí wọ́n kọ sójú títì lọ."

Ó yí i sí èdè tiwọn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbá mi léjìká. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ń bá yín ṣeré ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé ẹ̀rín wọn sáyà fún ọdún méjì gbáko. Bí mo bá ń jẹun, mo ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe rí: ẹni tó bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lónìí, mo lè dúró dè é fún ogún ọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pe ìkùnsínú ní ọkùnrin síṣe, ẹ wò mí dáadáa lórí ẹní tí mo wà yìí.

Lọ́dún kẹta, mo ń ro ìdí ólífì lóko, ọkọ́ mi kan àgbélébùú idẹ kékeré kan, irú èyí tí àwọn ará Byzantium, àwọn Kristẹni tó ni ìlú yìí kí àwọn Ottoman tó dé, ń fi kọ́rùn. Ẹ mọ òfin. Ẹni tó bá wú irú rẹ̀, kó gbé e fún ìjọba; ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀, orúkọ Nejat ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ní Bursa, bó ti ń kó àwọn àlejò wọ Mọ́sálásí Aláwọ̀ Ewé, ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti àgbélébùú náà bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo wọ ilé tíì kan, mo fóònù ọlọ́pàá, n kò dárúkọ ara mi. Wọ́n dá wa dúró lọ́nà Gemlik, bí a ti ń padà sí Istanbul. Nígbà tí wọ́n yọ àgbélébùú náà jáde, Nejat wò ó bí ẹni tó bá ejò nínú bàtà rẹ̀. Ó búra títí. Ọ̀gá wọn ní, "Ta ló máa jẹ́rìí sí ọ?"

Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kò ní purọ́ mọ́ mi."

Mo lè sọ pé n kò mọ nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ì bá ràn án lọ́wọ́. Mo ní, "Mo rí i láàárọ̀, tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn odi."

Nejat kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n?" bí ẹni pé mo wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò dá a lójú pé èmi ni.

Ó lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin lẹ́wọ̀n. Wọ́n gba káàdì rẹ̀. Nígbà tó jáde, búrẹ́dì oníyànmọtí ló ń tà nídìí ẹnubodè, tí amọ̀nà mìíràn ń sọ ìtàn fún àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ètè tirẹ̀ náà ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó sọ fún Meliha ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló bà mí, pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu ni. Ọdún kẹfà tó jáde, àrùn ọkàn pa á. Lórí òkú rẹ̀, lèmọ́mù bi wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí a ti ń ṣe: "Ohunkóhun tí olóògbé yìí jẹ yín, ṣé ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún un?" Ohùn tèmi ló ròkè jù. Ẹ̀yin kan tilẹ̀ ní, "Dursun mà lọ́kàn rere." Kò sí ẹni tó bi òkú bóyá òun yọ̀ǹda fún mi.

Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, mo ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń fún mi, ẹ kì í béèrè nítorí kí ni. Lánàá, Meliha gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá. Àwọn aládùúgbò méjì jókòó tì mí.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gbẹ bí igi ìdáná."

"Meliha, yọ̀ǹda fún mi."

"Mo ti yọ̀ǹda tipẹ́. Ẹ̀rù ló bà yín lọ́jọ́ yẹn. Nejat fúnra rẹ̀ ní ká má fi bá yín ṣọ̀tá."

Àwọn aládùúgbò ṣe àmín. Ká ní mo pa ojú dé nígbà yẹn, ikú ẹni rere ni ǹ bá kú.

"Kì í ṣe ẹ̀rù," ni mo wí. "Nejat kò gba nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan. Oko mi ni mo ti wú àgbélébùú náà. Èmi ni mo fi í sínú àpò rẹ̀. Èmi náà ni mo pe ọlọ́pàá."

Meliha dé ìkòkò ọbẹ̀ náà padà.

"Ẹ tún un sọ," ó ní, "kí àwọn wọ̀nyí gbọ́, kí wọ́n lè jẹ́rìí."

Mo tún un sọ.